Mímú òbí tó wá kí wa ní Ìlọrin jáde lọ wo omi: ìbéèrè àti ìdáhùn

Lásìkò Iléyá, lásìkò Kérésìmesì, àti ìgbàkígbà tí ọmọ tuntun bá délé, bàbá àti ìyá wa máa ń wá kí wa ní Ìlọrin. Bí wọ́n bá ti lo ọjọ́ mélòó kan nínú ilé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí a lè mú wọn lọ kí ara wọn lè yá. Ìbéèrè kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ síbí. Ọ̀rọ̀ ibi omi ni mo gbájú mọ́, nítorí òun ni àwọn òbí ń béèrè jù.

Ṣé òkun wà nítòsí Ìlọrin?

Kò sí. Ìpínlẹ̀ Kwara kò bá òkun pààlà níbì kankan. Èkó ni ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti ọ̀dọ̀ wa ń lọ, ó sì tó 300 kìlómítà sí Ìlọrin. Ẹni tó bá ní ọjọ́ méjì péré tó sì fẹ́ mú àgbàlagbà lọ síbẹ̀, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo ọjọ́ méjèèjì.

Odò Ọya ni omi ńlá tiwa. Ó fẹ̀, etí rẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń fẹ́ dáadáa. Òbí tó bá sọ pé òun fẹ́ jókòó síbi tí omi ti lọ salalu, ẹ mú un lọ síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ibo gan-an la lè lọ?

Jẹ́bà ni fún etí odò. Bí ẹ bá fẹ́ omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, Òwù wà ní Ọ̀wá-Kàjọlà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, níhìn-ín ní gúúsù Kwara. Ẹni tó bá lè sùn síta lálẹ́ ọjọ́ kan lè gba Òmù-Àrán kọjá sí Èkìtì, kó dé Ìkògòsí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Omi Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà náà kò jìnnà sí Ìkògòsí.

Lójú tèmi, Jẹ́bà àti Ìkògòsí ló yẹ òbí tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òwù rẹwà ju àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ó ń béèrè agbára. Ẹ ó rí àlàyé nísàlẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ló tó?

Ọjọ́ kan tó fún Jẹ́bà bí ẹ bá jí kúrò nílé. Ìkògòsí gba ọjọ́ méjì, kí ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ kan. Ibì kan lóòjọ́, ẹ má kó o pọ̀. Àwọn ọmọ tó fẹ́ fi Ẹ̀sìẹ́, Òwù àti Ọ̀fà pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo máa ń kó òbí padà délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Oṣù Kọkànlá. Lọ́dọ̀ wa, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Bó bá ti wá di oṣù Kọkànlá, ọ̀nà ti gbẹ, igbó ṣì tutù, omi ṣì ń já láti orí àpáta, ọyẹ́ kò sì tíì le. Nínú oṣù Kejìlá àti Kìíní, eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run, ẹni tó ní ikọ́ efée kò sì gbọ́dọ̀ rìn nínú rẹ̀. Oṣù Kẹta gbóná jù fún àgbàlagbà.

Odò Ọya kò tẹ̀lé òjò tiwa nìkan. Ìkún omi méjì ló ń ní lọ́dún. Àkọ́kọ́ ń wá láti inú òjò agbègbè wa, ẹrẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Èkejì ń ti orí òkè ilẹ̀ Guinea bọ̀, ó ń gba ilẹ̀ àbàtà ńlá tó wà ní Mali kọjá, ibẹ̀ ló sì ń fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Ọ̀nà rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí òjò wa bá ti tán ló ń dé Nàìjíríà, ó sì ti mọ́ nígbà náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdídò Kàǹjì àti ti Jẹ́bà ń gba omi dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó lọ sí Jẹ́bà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ṣì máa ń bá omi gidi níbẹ̀.

Kí ló wà ní Jẹ́bà tí Bàbá tàbí Màmá á fẹ́ rí?

Afárá ni. Ọdún 1916 ni wọ́n parí afárá ojú irin Jẹ́bà, erékùṣù sì wà láàárín odò náà. Ìhà ìhín jẹ́ Kwara, ìhà ọ̀hún jẹ́ ìpínlẹ̀ Niger. Bàbá tó bá ti wọ rélùwéè láti Ọ̀fà lọ sí Kano rí nígbà èwe rẹ̀ kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní àga, kí ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.

Ìtàn ibẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring tí Baikie, arìnrìnàjò ọmọ Scotland, ń darí forí sọ òkúta nítòsí Jẹ́bà, ó sì bàjẹ́. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn wa, wà nínú ìrìnàjò yẹn. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kéde ìjọba wọn lórí Àríwá ní 1900, Jẹ́bà ni Lugard fi ṣe olú-ìlú fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Zungeru. Ọwọ̀n ìrántí Mungo Park àti Richard Lander, àwọn tó wá ipa Odò Ọya kiri, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òbí tó ti ṣe tíṣà rí á gbádùn gbogbo èyí gan-an.

Màmá ní tirẹ̀ á fẹ́ rí ẹja. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja yíyan máa ń ká àrọ̀ po, orí rẹ̀ á kan ìrù, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un kó má bàa tú, wọ́n á wá tò ó sórí àtẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣẹ́ ọ̀kan wò. Bí inú rẹ̀ bá ṣì rọ̀, tí ó sì tutù, kò ní dé ilé kó tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí Màmá fúnra rẹ̀ ná an. Ẹ má fi ìkánjú san iye tí wọ́n bá pè, torí nínú ìnájà yẹn ni ìgbádùn rẹ̀ wà.

Ìdídò iná mànàmáná Jẹ́bà, tí wọ́n ṣí ní 1985, wà lókè odò. Ẹ kì í ṣàdédé wọ inú ọgbà rẹ̀, ìyọ̀ǹda ni. Bákan náà, bí ẹ bá rí ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá lẹ́bàá afárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ọkọ̀ wo ló dára?

Bí ẹ kò bá ní mọ́tò, ẹ gba ọkọ̀ lódindi pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà tí ẹ mọ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà gúúsù wà ní Garaji Ọ̀fà, àwọn tó ń gba ọ̀nà Jẹ́bà wà ní Maraba, ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò tó ń há ènìyàn mẹ́rin sẹ́yìn kò yẹ òbí. Ẹ kò ní lè sọ pé kó dúró nígbà tí Màmá bá fẹ́ tọ̀. Ẹ fẹnu kò lórí owó, epo àti iye wákàtí tí dẹ́rẹ́bà yóò fi dúró kí ẹ tó gbéra.

Tírélà ló kún ọ̀nà Jẹ́bà, kòtò sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ga díẹ̀ sàn, àmọ́ gígùn-ún ló ń ni àgbà lára. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kékeré kan, irú èyí tí a fi ń dáná, sínú búùtù. Bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí Màmá tẹ̀ ẹ́ kó tó tẹ ilẹ̀, kí ẹnì kan sì dì í ní ìgbọ̀nwọ́ mú. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó ń gba orúnkún sílẹ̀ tó o.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń fi Bàbá sí ìjókòó ẹ̀yìn nítorí ọ̀wọ̀. Iwájú ni kó jókòó sí bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń ráyè nà.

Kí la máa jẹ?

Ẹ gbé oúnjẹ ilé dání. Mọ́ín-mọ́ín eléwé àti ẹ̀kọ kì í dà lójú ọ̀nà, ẹyin bíbọ̀ náà dára. Wàrà Ìlọrin dùn, ṣùgbọ́n ooru máa ń tètè bà á jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ ẹ́ ní wákàtí àkọ́kọ́. Omi mímu kì í pọ̀ jù.

Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà. Kí la gbọ́dọ̀ ṣe?

Ẹ rí dókítà wọn kí ẹ tó lọ. Àwọn òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú ni tọ̀ léraléra, àwọn àgbà kan sì máa ń fi tiwọn sílẹ̀ láìlò lọ́jọ́ ìrìnàjò kí wọ́n má bàa yọ wá lẹ́nu. Ewu ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bí wọ́n ṣe lè lò ó lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì máa yà sí ilé epo tó mọ́ lójú ọ̀nà kí wọ́n tó béèrè. Òbí kì í fẹ́ sọ ọ́ jáde.

Abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín ní tààrà, kò sì gbọ́dọ̀ wà níwájú ọkọ̀ níbi tí oòrùn ti ń pa á. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ tó fi sínú kúlà. Ẹ fún Màmá ní oúnjẹ ní àkókò rẹ̀, kódà bí ẹ kò bá tíì dé ibi tí ẹ ń lọ.

Ohun kan wà nípa Ìkògòsí tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí òbí rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́. Àìsàn yẹn lè pa ẹsẹ̀ kú débi pé kò ní mọ ooru mọ́. Omi lè máa jó o, kó má mọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ìgbọ̀nwọ́ yín kan omi náà wò, kí ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá wò lẹ́yìn tó bá jáde. Kó má sì bọ́ bàtà rìn lórí òkúta.

Ẹni tó ń gba ọ̀nà Jẹ́bà, kó rántí pé Òkè-Òyì, lójú ọ̀nà yẹn, ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin wà. Kí dẹ́rẹ́bà mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbéra.

Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀? Ìrun àti ìsìn ńkọ́?

Sátidé ló dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí òbí bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ má gba Jímọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bàbá tó ti ìlú mìíràn wá máa ń dùn láti kí Jímọ̀ ní Mọ́ṣáláṣí ńlá Ìlọrin, ìyẹn nìkan tó ìgbádùn ọjọ́ kan. Ẹ gbé bútà, ẹní ìkírun àti omi àlùwàlá sínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ dídín ìrun kù lórí ìrìnàjò, òun fúnra rẹ̀ ni kó pinnu, ẹ má bá a jiyàn.

Orúnkún ń dun Màmá. Ṣé ó lè dé ìdí omi Òwù?

Èmi ò ní mú un lọ. Omi Òwù ga tó nǹkan bí 120 mítà, orí àpáta ló sì ti ń já wálẹ̀ sínú adágún tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀kán omi máa ń fọ́n sára òkúta yí i ká, òkúta náà á sì máa yọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa lè ṣubú, egungun ìbàdí àgbà tó bá sì kán kì í tètè jiná.

Bí Màmá bá fẹ́ omi tó ń já ṣáá, ẹ wo Olúmirin. Ìpele méje ló ní, ẹ kò sì ní láti gun ju àkọ́kọ́ lọ. Níbẹ̀ náà, ẹ̀kán omi ń kan ojú, ariwo rẹ̀ sì ń gbọn àyà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí àtẹ̀gùn ṣe pọ̀ tó fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìyẹn náà bá le, Ìkògòsí ni.

Ṣé ààbò wà lójú ọ̀nà?

Ìbéèrè yìí ló ká mi lára jù. Òwù wà ní Ìfẹ́lódùn, agbègbè yẹn sì wà lára àwọn ibi tí àwọn ajínigbé àti agbébọn yọ lẹ́nu gidigidi ní 2025. Àwọn ará abúlé ló jẹ ìyà rẹ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn fi ilé àti oko sílẹ̀. Ó dùn mí pé ibi tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ di ibi tí a ń rò lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹwà omi tan ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó lọ síbikíbi ní gúúsù Kwara, títí kan ọ̀nà Òmù-Àrán sí Èkìtì, ẹ pe ẹni tó ń gbé lójú ọ̀nà yẹn ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ lọ́dún tó kọjá kò wúlò. Bí ohùn rẹ̀ bá ń ṣiyèméjì, ẹ yan ibòmíràn. Ẹ jí rìn, kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà ilé kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ má sì gbé fọ́tò sórí Facebook tàbí WhatsApp títí ẹ ó fi délé.

Bí omi kò bá ṣeé lọ mọ́ ńkọ́?

Ẹ̀sìẹ́ ni kí ẹ yà sí, nítòsí Orò, bí ẹ bá ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo. Kò sí omi níbẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí. Àwọn àgbà ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ tẹ̀lé ìròyìn ọ̀nà bí mo ṣe wí lókè.

Ṣé kí Màmá wọ ọkọ̀ ojú omi?

Bí kò bá sí jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó kó àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù ní agbègbè Pàtígi, níhìn-ín ní Kwara, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Èrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí oòrùn ṣì wà lókè, kí èrò má pọ̀, kí ẹ̀yin gan-an fi ọwọ́ yín di okùn jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́ Màmá lára. Gèlè ńlá àti ìró gígùn kò bá inú ọkọ̀ ojú omi mu. Bó bá sọ pé òun ò fẹ́, ẹ má rọ̀ ọ́. Etí odò tó o.

Màmá ní ibi omi kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń ṣeré, pé ó ní ẹni tó ni ín. Kí la máa sọ?

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ọ̀pọ̀ omi nílẹ̀ wa ló ní ìtàn àti ètùtù tiwọn lóòótọ́, ìyá yín sì ti gbọ́ wọn kí a tó bí yín. Ẹ bi í léèrè ohun tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé a kò ní wọ inú omi, a kàn fẹ́ jókòó jẹun níbi tí a ti ń wò ó. Bí kò bá gbà síbẹ̀, ẹ gbà fún un.

Bàbá sọ pé ká má náwó lórí òun. Ṣé ká fi dandan mú un?

Kì í ṣe owó nìkan ló ń rò. Kò fẹ́ di ẹrù fún ọmọ. Ẹ wá ìdí mìíràn tó jẹ́ òótọ́: àwọn ọmọ kò tíì rí afárá Jẹ́bà rí, ẹ sì fẹ́ kí bàbá-bàbá wọn sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ó ti wá ní iṣẹ́ tó ń lọ ṣe nìyẹn. Ẹ má dárúkọ iye tí ẹ gba ọkọ̀ níwájú rẹ̀.

Òbí fẹ́ kí a yà kí mọ̀lẹ́bí lójú ọ̀nà. Ọjọ́ á lọ síbẹ̀!

Á lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ọ̀fà tí wọn kò tíì rí ara wọn láti ọdún pípẹ́, òun gan-an ló fẹ́ rí, omi kàn jẹ́ àfikún. Ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ lọ sí Ọ̀fà lónìí, kí ẹ ra ànàmọ́ bọ̀, kí ẹ lọ sí ibi omi lọ́tunla. Bó bá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan náà, ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀ ni kí ẹ yà, torí ilé mọ̀lẹ́bí kì í ṣeé jáde kíákíá: oúnjẹ á dé, àdúrà á dé, ẹni tó wà lóko á ránṣẹ́ pé kí ẹ dúró de òun.

Àwọn méjèèjì ló wá. Ara Bàbá le, ti Màmá kò le. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ẹ fi ẹsẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kò le yan ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ wá fi kún un fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ní Ìkògòsí, Màmá lè ti ẹsẹ̀ bọ omi nígbà tí Bàbá bá ń rìn kiri inú ọgbà. Ní Jẹ́bà, òun á wà lẹ́bàá àwọn ẹlẹ́ja, Bàbá á wà níbi afárá.

Kí ọmọ kan wà pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nẹ́tíwọ́kì lè dákú, torí náà kí wọ́n tó pínyà, ẹ dá wákàtí tí gbogbo yín yóò padà sídìí ọkọ̀, kí òògùn àwọn méjèèjì má sì wà nínú àpò kan náà.